Kí Ni Ajá Mọ̀? Àgbéyẹ̀wò Èrò Ọdẹ àti Èrò Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Oríṣiríṣi ajá ló wà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ajá ọdẹ wà, tí í bá olówó rẹ̀ gun òkè lọ wá ọ̀yà àti òkété. Ajá ìgboro wà, tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́lẹ̀, tó mọ ìgbà tí alápatà ń palẹ̀ mọ́ àti ibi tí olóúnjẹ ń da egungun sí. Ajá òyìnbó náà wà lẹ́yìn géètì àwọn tó rí towó ṣe: wọn a fi ṣéènì so ó lọ́sàn-án, wọn a tú u sílẹ̀ lóru. Ẹranko kan náà ni gbogbo wọn. Àmọ́ bí èèyàn bá béèrè pé kí ni ajá mọ̀, tàbí pé ṣé ó tilẹ̀ ń ronú rárá, ìdáhùn kò ní jọra lẹ́nu ọdẹ, lẹ́nu dókítà ẹranko, àti lẹ́nu olùkọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá tí kò jìnnà sí ìlú méjèèjì.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ajá dán nǹkan wò, síbẹ̀ làákàyè ajá kò jọ wọ́n lójú. Wọ́n gbà pé ó ti bá èèyàn gbé jù, pé ara ìnàkí àti ẹranko igbó ló yẹ kéèyàn ti kọ́gbọ́n. Ọdún 1998 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nígbà tí Brian Hare ní Amẹ́ríkà àti Ádám Miklósi ní Budapest, kálukú lọ́tọ̀, tẹ ìwádìí jáde pé bí èèyàn bá na ìka sí ibi tí oúnjẹ wà, ajá á lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti gbóná. Ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tó kan Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà gan-an: ajá inú ilé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ irú ajá tó ń rìn kiri nígboro Àkókó ló pọ̀ jù láyé. Raymond àti Lorna Coppinger, tọkọtaya onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó wo ajá abúlé káàkiri ayé, fojú bù ú pé ajá tó wà láyé tó bílíọ̀nù kan, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń dá oúnjẹ wá.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí èèyàn 59,000 ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, tó jẹ́ pé Áfíríkà àti Éṣíà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn nígbà 99 nínú 100. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ajá tó ran gan-an, tó tẹjú mọ́ni láìmira, kò fẹ́ eré, ewu ń bẹ fún un.

Ohun tí ọdẹ rí

Àwọn tó kọ́kọ́ fi ajá ṣe ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá kò ní yàrá ìwádìí. Ọdẹ ni wọ́n. Ní ilẹ̀ olókè bí ti Àkókó, tí àpáta àti ihò pọ̀ níbẹ̀, imú ajá ló ń tú ẹran jáde fún ọdẹ. Ó ń bá ajá náà gbé láti ìgbà tó wà lọ́mọ, ó ń jẹ́ kó tẹ̀lé àgbà ajá wọgbó, ó ń fi fèrè pè é, ó sì ń fún un nínú ìfun ohun tí wọ́n bá pa kó lè mọ̀ pé iṣẹ́ òun lérè. Lójú ọdẹ, ajá ní iyè, ó ní ìfura, ó mọ ẹni tó fẹ́ràn òun, ó sì lè dá ìpinnu ṣe nínú igbó nígbà tí olówó rẹ̀ kò sí nítòsí. Òwe pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ dúró lórí èrò yìí: ajá tó ń gbọ́ ló wọ́pọ̀, èyí tí kò gbọ́ ni nǹkan ṣe. Nínú àlọ́ Ìjàpá àti Ajá tí wọ́n lọ jí iṣu pàápàá, Ajá ló mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, Ìjàpá ni ojúkòkòrò kó bá.

Àwọn kan tún máa ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ fún aládùúgbò sọ ajá lórúkọ, irú orúkọ bí i Tanímọ̀la. Ajá ni wọ́n ń pè, èèyàn ni wọ́n ń bá wí. Kò sẹ́ni tó rò pé ajá mọ òwe tó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ohùn tó ń jẹ́ tirẹ̀ ló mọ̀, tó fi ń sáré wá. Àti mọ ohùn àti mọ ohun tí ohùn dúró fún kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jà sí.

Ohun tó gbé èrò ọdẹ níyì ni pé ó ń wo ajá níbi iṣẹ́ rẹ̀, láti kékeré títí ó fi darúgbó. Yàrá ìwádìí kì í sábà ní ju wákàtí díẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ kò sì fara sin. Ajá tó mọṣẹ́ ni ọdẹ ń ròyìn. Èyí tó ya ọ̀dẹ̀ ti di títà tàbí ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣírò rẹ̀ mọ́. Bí oògùn bá tún wọ̀ ọ́, tí wọ́n ní òun ló jẹ́ kí imú ajá mú, kò ní rọrùn láti mọ èyí tó jẹ́ ti ajá àti èyí tó jẹ́ ti ewé.

Kì í ṣe ọdẹ Yorùbá nìkan ló ronú báyìí. Charles Darwin kọ ọ́ ní 1871 pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọpọlọ èèyàn àti ti ẹranko jẹ́ ti ìwọ̀n, kì í ṣe ti irú. George Romanes, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó ìtàn ajá, ológbò àti ọ̀bọ tó gbọ́n jọ sínú ìwé kan ní 1882. Ọ̀pọ̀ nínú ìtàn náà jẹ́ èyí tí àwọn èèyàn kọ ránṣẹ́ sí i láti ilé wọn. Ọdẹ Ọ̀kà ó kéré tán fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń sọ.

Ẹ̀rọ tó ń mí

Ṣáájú wọn, René Descartes ará Faransé ti sọ ní 1637 pé ẹ̀rọ ni ẹranko: ó lè rìn, ó lè ké, àmọ́ èrò kò sí nínú rẹ̀. Díẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bá a dé òpin ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n ìfura rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wọn.

Conwy Lloyd Morgan, tó ń kọ́ni ní Bristol, sọ ìfura náà di òfin ní 1894. Ó ní bí àlàyé tó rọrùn bá ti tó fún ohun tí ẹranko ṣe, kí ẹnikẹ́ni má lọ gbé ọgbọ́n ńlá lé e lórí. Ajá tirẹ̀ tó ń jẹ́ Tony ló fi ṣe ẹ̀rí. Tony mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí géètì: yóò ki orí bọ abẹ́ irin tó dè é, yóò fi orí gbé e sókè, yóò sì bọ́ sí títì. Ẹni tó bá rí i nígbà tó ti mọ̀ ọ́n ṣe yóò búra pé ajá náà jókòó ro ó ni. Morgan ní tirẹ̀ ti ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ajá náà kàn ń ki orí síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín irin kó lè rí títì ni, títí orí rẹ̀ fi ṣèèṣì gbé ìdè náà, ó sì pẹ́ kí èèṣì tó di àṣà.

Ní Amẹ́ríkà, Edward Thorndike kó ológbò, ajá àti òròmọdìyẹ sínú àpótí tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣí kí wọ́n tó lè jáde. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1898. Díẹ̀díẹ̀ ni àkókò tó ń gbà wọ́n ń dínkù. Kò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ti ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Thorndike yìí náà ló fi àwọn olùkó-ìtàn-jọ ṣẹ̀sín. Ó ní ajá ń sọnù nígbà àìmọye, kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹyọ kan tó bá tọ ọ̀nà jíjìn délé ni ìròyìn rẹ̀ ń kárí ayé. Ivan Pavlov ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, wá fi hàn pé bí ohùn kan bá ń ṣáájú oúnjẹ léraléra, itọ́ ajá á máa dà bí ohùn náà bá ti dún, oúnjẹ ì báà má sí.

Ohun tí èrò yìí ṣe dáadáa ni pé ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ àsọdùn. Ajá tó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọ̀kadà baálé ilé ṣì wà lókèèrè kò nílò ju pé etí rẹ̀ ti so ohùn ẹ́ńjìnnì kan mọ́ oúnjẹ alẹ́. Ìlànà ẹ̀san tí Thorndike àti B. F. Skinner là sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ajá níṣẹ́ ṣì ń lò títí dòní, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Kò ṣàlàyé gbogbo nǹkan ṣá. Ní 2004, Juliane Kaminski àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leipzig, Jámánì, ròyìn ajá kan tó ń jẹ́ Rico, tó mọ orúkọ ohun tó lé ní 200. Bí wọ́n bá fi ohun tuntun kan sáàárín àwọn tó ti mọ̀, tí wọ́n wá pe orúkọ tí kò gbọ́ rí, Rico sábà máa ń gbé ohun tuntun náà wá, bíi pé ó ti yọ àwọn tó lórúkọ kúrò nínú ìṣirò. Ní 2011, John Pilley tẹ ti Chaser jáde, ajá tirẹ̀ tó mọ orúkọ ohun ìṣeré 1,022. Àwọn tó fara mọ́ Pavlov fèsì pé irú ajá darandaran kan náà ni méjèèjì, pé ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ orúkọ ohun méjì. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ajá kan tó lè ṣe é ti tó láti fi hàn pé ọpọlọ ajá gbà á.

Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀

Konrad Lorenz, Niko Tinbergen àti Karl von Frisch gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973 nítorí pé wọ́n jáde kúrò nínú àpótí Thorndike lọ wo ẹranko níbi tó ń gbé. Lójú àwọn ọmọlẹ́yìn wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: kí ni àjogúnbá ṣe fún ẹ̀dá yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohunkóhun?

Ìdánwò tó gbajúmọ̀ jù nínú èrò yìí kò kan ajá rárá. Ní 1959, Dmitry Belyaev bẹ̀rẹ̀ sí í sin kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní Novosibirsk ní Rọ́ṣíà, Lyudmila Trut sì bá a ṣe é, òun ló sì gbé iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí tí kò bẹ̀rù èèyàn tí kò sì bínú séèyàn nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó bímọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ọmọ náà fi ń mi ìrù, tí wọ́n ń lá ọwọ́ èèyàn, tí etí àwọn kan sì rọ̀ sílẹ̀. Ìtàn náà dùn, ó sì wà nínú ìwé púpọ̀. Àmọ́ ní 2020 ni àwọn kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rán ayé létí pé láti oko àwọn tó ń sin kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tà nítorí awọ rẹ̀ ní Kánádà ni ìran wọn ti wá, pé wọ́n ti ń rọ̀ sí èèyàn kí Belyaev tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí kan Àkókó níbi ọjà ajá. Ọ̀pọ̀ gbà pé ajá òyìnbó gbọ́n ju ajá ilẹ̀ wa lọ, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wọ́n. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2022, tó lo ìròyìn ajá tó lé ní 18,000, rí i pé ìran tí ajá ti wá kò ṣàlàyé ju ìdá 9 nínú 100 lọ nínú ìyàtọ̀ ìwà tó wà láàárín ajá kan àti òmíràn. Irun àti gíga ni ìran ń sọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ìwà. Ajá ìbílẹ̀ kò sì jẹ́ àṣẹ́kù ajá òyìnbó. Ìwádìí lórí ajá àtayébáyé tó jáde ní 2020 fi hàn pé ìran ajá ti pín sí márùn-ún ó kéré tán ní 11,000 ọdún sẹ́yìn, àti pé apá Ìlà-oòrùn tó sún mọ́ Áfíríkà ni ti ilẹ̀ yìí ti wọlé. Àwọn tó yẹ ajá Nàìjíríà wò ní 2018 tún rí àmì nínú àbùdá wọn tó jọ pé ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru. Ara wọn ti bá ibí mu. Bóyá orí wọn náà ti bá a mu ni kò tíì sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún.

Ajá tó ń ka ojú ẹni

Ibí yìí ni ogun ti le jù.

Hare àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2002 pé ajá ń tẹ̀lé ìka àti ojú èèyàn ju ìnàkí lọ, bẹ́ẹ̀ ìnàkí ló sún mọ́ èèyàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ju ìkookò lọ níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ ajá tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì ń ṣe é. Àbá wọn ni pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tí ajá ti ń bá èèyàn gbé ti yí ọpọlọ rẹ̀ padà kó lè máa ka èrò èèyàn. Ní Budapest, ẹgbẹ́ Miklósi gbé ẹ̀rí mìíràn wá ní 2003: bí àpótí oúnjẹ kò bá ṣe é ṣí, ajá á yíjú wo èèyàn bíi pé ó ń wá ìrànlọ́wọ́, ìkookò tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ kàn á máa bá àpótí jà ni.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún wọn dé ní 2021. Ní ọdún yẹn, wọ́n fi ọmọ ajá 44 wé ọmọ ìkookò 37. Èèyàn ló tọ́ àwọn ọmọ ìkookò náà, wọ́n tilẹ̀ ń sùn tì wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ajá ṣì ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá wọn. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ajá ló mọ ohun tí ìka ń sọ. Ní ọdún kan náà, ìwádìí mìíràn lórí ọmọ ajá 375 rí i pé ó lé ní ìdá 40 nínú 100 nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn níbi ìdánwò ìka ló jẹ́ àjogúnbá.

Ó ṣòro láti fi ọwọ́ rọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ajá náà jẹ́ ti ìran kan tí wọ́n ń tọ́jú fún iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́, àwọn tí ìyá àti bàbá wọn ti jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣà yọ nítorí ìgbọràn. Irú ìṣàyàn bẹ́ẹ̀ kò sí fún ajá tó ń bímọ sábẹ́ ìsọ̀ ní Ìkàrẹ́.

Ọwọ́ tó tọ́ ọ

Monique Udell àti Clive Wynne ló dìde sí Hare. Ní 2008, wọ́n gbé ìdánwò ìka lọ bá àwọn ìkookò tó mọ èèyàn dáadáa ní Indiana, Amẹ́ríkà. Ìkookò wọ̀nyẹn ṣe é dáadáa, wọ́n tilẹ̀ ju àwọn ajá kan lọ. Nígbà tí wọ́n wá dán àwọn ajá tó wà ní ilé ìtọ́jú ajá tí kò ní olówó wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń na ìka sí. Ìkọ́ni ráńpẹ́ ló sì mú wọn mọ̀ ọ́n. Kò sí ìyanu kankan nínú ìdáhùn Wynne: ẹranko tó bá tètè mọ èèyàn nígbà èwe, tí ọwọ́ èèyàn sì jẹ́ ibi tí oúnjẹ ti ń wá fún un, yóò máa wo ọwọ́ náà.

Ajá tó lè là wọ́n níjà ni ajá ìgboro, nítorí ẹ̀jẹ̀ ajá ló wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ tọ́ ọ. Íńdíà ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti jinlẹ̀ jù. Ní 2020, ẹgbẹ́ Anindita Bhadra ní Kolkata tẹ èsì ìdánwò ìka tí wọ́n fi ṣe ajá ìgboro ní àwọn ìlú bíi mélòó kan. Nǹkan bí ìlàjì àwọn ajá náà kò tilẹ̀ sún mọ́ abọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Nínú àwọn tó sún mọ́ ọn, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ló lọ sí abọ́ tí ìka nà sí.

Ẹgbẹ́ méjèèjì ló fi èsì yìí gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ti Hare ní: ẹ ò rí i, ajá tí kò gbé inú ilé rí náà mọ ìka. Ti Wynne ní: ẹ wo ìlàjì tí kò wá, ìrírí wọn pẹ̀lú èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Lójú ẹni tó ń wo ìjà láti ẹ̀gbẹ́, Wynne ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí tó lágbára, àwọn ọmọ ajá ọdún 2021 ló sì dá ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀.

Ìfẹ́, ẹ̀bi àti owú

Ẹni tó ń sin ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè nípa ìka. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ajá yìí fẹ́ràn òun.

Miho Nagasawa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ròyìn ní 2015 pé bí ajá àti olówó rẹ̀ bá wo ojú ara wọn pẹ́, omi ara tó ń so ìyá mọ́ ọmọ ń pọ̀ sí i lára àwọn méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìkookò àti ẹni tó tọ́ ọ. Gregory Berns ní Atlanta kọ́ ajá kó lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, láìfún un lóògùn oorun. Nínú ajá 15 tó dán wò nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2016, ibi tó ń mọ adùn nínú ọpọlọ 13 nínú wọn ta kìjí fún ìyìn bí ó ti ṣe fún oúnjẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tó wúni lórí ni, àmọ́ ajá tó gbà láti dùbúlẹ̀ nínú ariwo ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ajá kan ṣá.

Ẹ̀bi kò rí ẹ̀rí tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ní ajá ló mọ ojú tó ń ṣe bí ó bá ti jí ẹran jẹ: etí á wálẹ̀, ìrù á bọ́ sábẹ́, kò ní fẹ́ wo ojú ẹni. Alexandra Horowitz ní New York dán èyí wò ní 2009. Ó máa ń sọ fún olówó ajá pé ajá rẹ̀ jẹ ohun tí wọ́n ní kó má jẹ, nígbà mìíràn òtítọ́ ni, nígbà mìíràn irọ́ ni. Ojú ẹ̀bi náà kò bá ẹ̀ṣẹ̀ rìn. Ìbáwí ló bá rìn. Àwọn tí kò ṣe nǹkan kan tí wọ́n bá wí láìjẹ̀bi ló tilẹ̀ ṣe ojú náà jù. Ìbẹ̀rù ẹni tó ń bínú ni ìwádìí náà rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ pé ẹ̀bi kò lè sí rárá.

Owú wà láàárín. Friederike Range ní Vienna rí i ní 2009 pé ajá tó ń fún èèyàn lọ́wọ́ á dáwọ́ dúró bí wọ́n bá ń fún ẹnìkejì rẹ̀ lóúnjẹ tí wọn kò fún òun. Bí wọ́n bá fún ọ̀kan ní búrẹ́dì, tí wọ́n fún èkejì ní ẹran, kò dùn wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wá fi ìkookò ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní 2017, ìkookò náà bínú. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ èèyàn ni ajá ti kọ́ ọ nígbà náà.

Òfin kò dúró de àwọn onímọ̀. Ìwà ìkà sí ẹranko jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà. Kò béèrè bóyá ẹranko ń ronú, ó gbà pé ó ń jẹ̀rora.

Ayé tí imú ń rí

Ẹgbẹ́ kan ní gbogbo ìdánwò òkè yìí fi ojú ṣe ohun tó yẹ kí imú ṣe. Ohun tó ń gba òórùn nínú imú ajá lé ní 200 mílíọ̀nù. Ti èèyàn kò ju nǹkan bí 6 mílíọ̀nù lọ. Àwọ̀ tí ojú rẹ̀ ń rí dáadáa sì jẹ́ búlúù àti yẹ́lò. Pupa àti àwọ̀ ewé kò yàtọ̀ sí ara wọn lójú rẹ̀. Láti 1970 tí Gordon Gallup ti lo dígí láti mọ̀ bóyá ẹranko mọ ara rẹ̀, ìnàkí yege, ajá kùnà. Horowitz fi ìtọ̀ rọ́pò dígí ní 2017: ajá gbóòórùn ìtọ̀ ara rẹ̀ tí wọ́n fi òórùn mìíràn kún pẹ́ ju èyí tí wọn kò fi nǹkan kún. Bóyá ìyẹn já sí pé ó mọ ara rẹ̀, tàbí pé òórùn àjèjì kàn fà á mọ́ra, kò hàn.

Imú náà kì í dá ṣiṣẹ́. Ní 2011, Lisa Lit àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California mú ajá 18 tó ń wá oògùn olóró tàbí ohun abúgbàù, pẹ̀lú àwọn tó ń darí wọn, wọ ilé kan tí kò sí nǹkankan níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí àwọn adarí gbà pé nǹkan wà. Ìgbà 225 ni wọ́n ní ajá ti rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà àti ọlọ́pàá fi sọ́kàn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí sí Hans, ẹṣin Berlin tí wọ́n ní ó mọ ìṣirò, kí Oskar Pfungst tó fi hàn ní 1907 pé bí ara àwọn tó ń bi í léèrè ṣe ń mira ló ń wò. Àwọn tó tẹ̀lé Morgan ka ìtàn Hans sí ẹ̀rí pé ẹranko kò ronú. Ó lè jẹ́ ẹ̀rí fún Hare náà: ẹranko tó lè rí ohun tí èèyàn kò mọ̀ pé òun ń ṣe kì í ṣe òpè.

Ṣé ajá nìkan ni?

Stephen Lea àti Britta Osthaus tẹ àgbéyẹ̀wò kan jáde ní 2018 lẹ́yìn tí wọ́n ka ìwádìí tó lé ní 300. Wọ́n ní kò sí ohun tí ajá ṣe tí ẹranko mìíràn kò ṣe tó o tàbí jù ú lọ.

Igbó ilẹ̀ Yorùbá fún wọn ní ẹlẹ́rìí méjì. Odídẹrẹ́ kan tó ń jẹ́ Alex, tí Irene Pepperberg rà ní 1977 ní Amẹ́ríkà, mọ àwọ̀, ó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan, ó sì ń ka iye kó tó kú ní 2007. Ìbátan òkété wa ni àjọ APOPO ń kọ́ ní Morogoro ní Tanzania láti máa fi imú wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ àti ikọ́ ife. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, wá bọ́ǹbù àti ohun abúgbàù tó lé ní 100 ní Cambodia, wọ́n sì fi wúrà dá a lọ́lá ní 2020. Ẹran tí ajá Ọ̀kà ń lé nínú igbó nìyẹn.

Àwọn tó ń ti ajá lẹ́yìn ń fèsì pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tó gbọ́n jù, ohun tí ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan wà fún ni. Ìdáhùn tó bọ́gbọ́n mu ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í rántí rẹ̀ nígbà tí ajá bá borí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ṣì dúró sí

Àwọn nǹkan kan ti kúrò nínú ìjà. Kò sí onímọ̀ gidi tó ṣì ń pe ajá ní ẹ̀rọ bíi ti Descartes. Ní July 2012, àwọn onímọ̀ ọpọlọ fọwọ́ sí ìkéde kan ní Cambridge pé ọ̀pọ̀ ẹranko ní ohun tí ìmọ̀lára ń gùn nínú ọpọlọ. Kò sì sí ẹni tó ṣì ń gba gbogbo ìtàn Romanes gbọ́.

Ìbéèrè bóyá ìka jẹ́ ìròyìn fún ajá tàbí àṣẹ ṣì wà ńlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó ń jẹ́ ManyDogs fi ajá 455 dán an wò ní ibùdó 20, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ ní 2023. Yálà èèyàn wo ojú ajá, tó pe orúkọ rẹ̀ kó tó na ìka, tàbí ó kàn wú ikọ́ tó sì na ìka, ajá tẹ̀lé e bákan náà. Bí ajá bá mọ̀ pé èèyàn ń bá òun sọ̀rọ̀, ó yẹ kí ìyàtọ̀ wà. Wọn kò tilẹ̀ tẹ̀lé ìka tó bí àwọn ìwádìí àtijọ́ ti sọ.

Kò sí ẹni tó tíì mọ bí ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ́jú ṣe pín iṣẹ́ láàárín ara wọn nínú ajá tí kò ní olówó. Èsì Kolkata kò sì ṣe é gbé wá sí Àkókó bẹ́ẹ̀ kó dúró fún un. Ọ̀pọ̀ ará ìgboro ló ń bọ́ ajá òpópó ní Íńdíà. Ní àwọn apá kan Ìpínlẹ̀ Òǹdó, wọ́n ń fi ajá bọ Ògún, àwọn kan sì ń jẹ ẹ́, nítorí náà ọwọ́ tí èèyàn nà lè jẹ́ oúnjẹ, ó sì lè jẹ́ okùn. Ajá tó dúró lókèèrè nígbà tí àlejò na ìka sí abọ́ lè ṣaláì mọ ohun tí ìka ń sọ. Ó sì lè mọ̀ ọ́n, kó má fọkàn tán ẹni tó ni ìka. Ìdánwò ìka, bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di báyìí, ń ka àwọn méjèèjì sí ajá tí kò dáhùn.